Ta ló tún ní ìtàn àwọn sójà Íńdíà tó ń yin àgbá? Tèmi rèé

Nígbà tí mo ń kàwé ní Pune ní Íńdíà, ilé bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ sójà ni mo gba yàrá sí, Uncle-ji la máa ń pè é. Àgbá ló fi gbogbo ayé ẹ̀ yìn, etí òsì ẹ̀ ti lọ, apá ọ̀tún lèèyàn máa ń jókòó sí tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀.

Gbogbo 28 September ló máa ń wọ kóòtù, á kó àmì ẹ̀yẹ sáyà, á ra nǹkan dídùn fún wa. Mo rò pé ọjọ́ ìbí ẹ̀ ni. Ó ní rárá o, ọjọ́ yẹn ní 1827 ni wọ́n dá bátìrì olókè sílẹ̀ ní Bombay (kì í ṣe bátìrì mọ́tò o, ọ̀wọ́ àwọn tó ń yin àgbá ni), wọ́n á tú àgbá sí wẹ́wẹ́, wọ́n á dì í sẹ́yìn ìbaaka gun òkè. Nígbà táwọn sójà Íńdíà wá dìde sí òyìnbó ní 1857, òyìnbó gba àgbá lọ́wọ́ wọn, àfi bátìrì olókè díẹ̀, ó di 1935 kí wọ́n tó tún jẹ́ kí wọ́n ní àgbá pápá tiwọn. Ìbẹ̀rù ni jàre.

Lọ́jọ́ kan mo ní bàbá àgbà mi lọ jagun ní Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ó ní dífíṣàn (ọ̀wọ́ ńlá sójà) wo? Mi ò mọ nọ́ńbà, mo ṣáà rántí pé bàbá ní aláǹtakùn ló wà lára aṣọ àwọn. Uncle-ji gbé ife tíì kalẹ̀. "Eighty-first! Kaladan!" Dífíṣàn àwọn sójà Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà nìyẹn, Kaladan sì ni àfonífojì tí wọ́n ti jà ní Bọ́mà. Ló bá wọlé lọ mú fọ́tò Umrao Singh wá, sójà Íńdíà kan tó ń yin àgbá.

December 1944, Umrao ló ń darí àgbá kan tó wà níwájú pátápátá, tó ń ti 8th Gold Coast Regiment, àwọn sójà Gánà, lẹ́yìn. Japan fi àgbá lù wọ́n fún bí 90 mínííìtì kí wọ́n tó ya bò wọ́n. Bọ́ǹbù ọwọ́ bà á lẹ́ẹ̀mejì, ọta tán, ló bá gbé ọ̀pá irin tó wà fún àgbá, ó kọjú sí wọn. Wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i, kò mọ ibi tó wà, ọ̀pá yẹn ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, òkú Japan mẹ́wàá ló yí i ká. Àgbá yẹn tún dún lọ́jọ́ yẹn kan náà! Wọ́n fún un ní Victoria Cross, àmì ẹ̀yẹ ìgboyà tó ga jù lọ lọ́wọ́ òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì.

Bàbá àgbà mi máa ń sọ pé tí àgbá àwọn aláwàní, àwọn sójà Íńdíà tó wà lẹ́yìn àwọn, bá dákẹ́ lálẹ́, oorun ò ní kun àwọn. A rò pé àsọdùn ni.

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Ọ̀dọ̀ wa ní ìhà Ọ̀wọ̀, Kaladan yẹn kan náà ni Bàbá Isaac Fadoyebo ará Emùré-Ilé ti fara gbọta ní 1944, àwọn Mùsùlùmí abúlé ibẹ̀ ló fi bàbá pamọ́ kí Japan má bàa rí wọn. Mo rí bàbá yẹn rí nígbà tí mo kéré, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ò ṣe dáadáa, mi ò mọ ìdí ẹ̀ nígbà yẹn.

*

Èmi lọ Drass ní Íńdíà lọ́dún tó kọjá, níbi ìrántí ogun Kargil tí Íńdíà bá Pakistan jà ní 1999, òkè Tololing ga sókè báyìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti fi àgbá ńlá tí wọ́n ń pè ní Bofors lé ọ̀tá kúrò. Orí ń fọ́ mi nítorí òkè, sójà kan ní kí n jẹ aáyù tútù. Mo jẹ ẹ́ o, ojú mi yí.