Ìtọ̀ tó ń ká ọkùnrin mọ́ lójijì: ẹ sọ ìrírí yín

Awakọ̀ Ìwó Road: Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dá sí i. Ọmọ ọdún 52 ni mí, Ìbàdàn sí Èkó ni mò ń ná. Láti bí ọdún kan ni ìtọ̀ ti ń gbọ̀n mí lójijì. Bí mi ò bá sáré bọ́ sílẹ̀, ó ti jáde. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ há wa mọ́ Mọ́wé. Kí n tó já wọ igbó, ó ti bọ́ mọ́ mi lára. Ìyá tó jókòó níwájú rí ṣòkòtò mi. Kò wí nǹkan kan. Ó ṣí ìborùn ẹ̀, ó nà án sí mi. Ta ni irú ẹ̀ ti ṣe rí?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Atọ́sí nìyẹn.

Ìyá Ìbejì: Atọ́sí kẹ̀! Ṣé wọ́n ní ó ń ta wọ́n ni? Ohun tí wọ́n sọ fún ọkọ mi náà nìyẹn. Oṣù mẹ́ta ló fi ń mu àgbo inú ògógóró, ó wá di pé ó ń jí lẹ́ẹ̀marùn-ún lóru. Èmi náà ti ń fura sí i, ilé wa fẹ́rẹ̀ẹ́ tú. Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Bọ̀dá awakọ̀, iṣan àpò ìtọ̀ ló ń fún pọ̀ kí àpò tó kún. Ìtọ̀ ṣúgà lè fà á, kòkòrò lè fà á, próstéètì (ẹṣẹ́ kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin) tó wú náà lè fà á. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ná. Ẹ má dá ra oògùn o: òmíràn wà, bí ẹ bá lò ó nígbà tí próstéètì ti dí ọ̀nà, ìtọ̀ lè há pátápátá.

Alhaji Ọ̀fà: Ti èmi, inú sáàfù ni mo ti máa ń sá jáde. Ààfáà wa ló tù mí nínú pé kí n máa ṣe àlùwàlá tuntun fún ìrun kọ̀ọ̀kan bí àkókò ẹ̀ bá wọlé. Dókítà wá bi mí ní ohun tí mò ń jẹ. Gbànja! Àárọ̀ dalẹ́. Káfíìnì inú ẹ̀ ló ń ta àpò ìtọ̀ jí. Mo dín in kù sí awẹ́ kan láàárọ̀, mo rí oorun sùn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Bàbá bàbá mi jẹ obì títí di ọdún 90, wọn ò tọ̀ sára rí.

Alhaji Ọ̀fà: Ṣé ìwọ lò ń bá wọn fọ aṣọ ni?

Awakọ̀ Ìwó Road: Obì ni kì í jẹ́ kí àwa awakọ̀ sùn lójú títì o. Ẹ̀mí èrò ńkọ́? Omi ni mo kúkú dín kù, ife kan péré títí dé Èkó.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Rárá o. Bí omi bá kéré, ìtọ̀ á ki, á tún máa ta àpò. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ dín in kù. Bí oorun bá ń kùn yín, ẹ páàkì, ẹ sùn.

Ìyá Ìbejì: Ẹ páàkì o, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ mi wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sílé ìwé.

Ará Peckham: Níbí ní London, ìwé ni wọ́n ní kí n kọ́kọ́ máa kọ fún ọjọ́ 3: ohun tí mo mu, ìgbà tí mo tọ̀, bó ṣe pọ̀ tó nínú jọ́ọ̀gì. Bó bá ti gbọ̀n mí, kí n fún ìdí pọ̀ bí ẹni tó ń sé isó, kí n fi ìṣẹ́jú 5 sún un síwájú, títí yóò fi di 10. Ó tó ọ̀sẹ̀ 6 kí n tó rí ìyàtọ̀. Oògùn tí wọ́n fún mi, oxybutynin, gbẹ mí lẹ́nu bí ẹni ń gbààwẹ̀, ni wọ́n fi pààrọ̀ ẹ̀ sí òmíràn, mirabegron. Wọ́n kọ́kọ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, torí ó lè gbé e sókè.

Awakọ̀ Ìwó Road: Mo ti ra ìwé. Lọ́la ni mò ń lọ ṣe àyẹ̀wò. Ìborùn ìyá yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo ti fọ̀ ọ́, mo ti lọ̀ ọ́. Aláwọ̀ ewé ni, ó ní wajawaja létí. Wọ́n ní Gbági làwọn ti ń tajà. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n, kó bá mi sọ fún wọn.