Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí ẹ̀rọ awárin àtijọ́

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará. Mo bèèrè ìdí tí BFO mi, irú ẹ̀rọ awárin àtijọ́ kan tí ohùn rẹ̀ ń yí padà bó bá kan irin, fi ń ké ṣáá lórí ilẹ̀ Abẹ́òkúta. Àwọn kápásítọ̀ rẹ̀ (èròjà kéékèèké tó ń tọ́jú iná) ló ti gbẹ; mo ti pààrọ̀ wọn, mo sì fi bátìrì 9V tuntun sí i. Ariwo tó kù, ilẹ̀ ló fà á: irin pọ̀ nínú yangí wa, BFO ò sì lè yọ ohùn ilẹ̀ kúrò. Ẹ gbé kọ́ìlì (wáyà róbótó tó ń wá irin) sí íǹṣì 2 sókè ilẹ̀ kí ẹ tó tún ohùn rẹ̀ ṣe, kí ẹ má sì yí gíga yẹn padà. Bẹ́ ẹ bá kúrò ní ibòji bọ́ sí oòrùn, ẹ tún un ṣe, torí ooru ń yí ohùn rẹ̀.

VLF, irú ẹ̀rọ awárin òde òní, ń yọ ohùn ilẹ̀ kúrò, ó ń ya ìṣó sọ́tọ̀ kúrò lára kọ́bọ̀ onídẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé páànù tó dípẹtà ṣì ń tàn án jẹ. Òun ni mo fara mọ́. Ìbéèrè mi ti parí.