Ṣé kí n fo ibi tí Irina ti kú ni?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa obìnrin mẹ́jọ la jọ máa ń kàwé. Ó kàn mí láti sọ̀rọ̀ lórí Marina Tsvetaeva, akéwì ará Rọ́ṣíà tó ń kọ ohun tójú ẹ̀ ń rí ní Moscow sílẹ̀ lẹ́yìn ìyípadà ìjọba ọdún 1917. Ọkọ ẹ̀ wà lójú ogun. Òun àtọmọbìnrin méjì ló kù nílé. Àga ló ń fọ́ dáná kí òtútù má baà pa wọ́n. Pòtétò tí yìnyín ti bà jẹ́ ni wọ́n ń jẹ, pòtétò jíjẹrà o!

Ibi tó ká mi lọ́wọ́ kò nìyí: ó kó àwọn ọmọ náà lọ sílé ọmọ aláìlóbìí, ó rò pé wọ́n á rí oúnjẹ jẹ. Àìsàn kọlu Alya, ẹ̀gbọ́n, ló bá gbé e wálé. Irina tó ṣẹ́kù síbẹ̀ kú ní oṣù kejì ọdún 1920. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Ìyá ò sì lọ síbi ìsìnkú.

Ọ̀kan nínú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ọmọ ni. Ṣé kí n fo ibẹ̀ ni, àbí kí n lọ bá a sọ ọ́ tẹ́lẹ̀? Tí mo bá fò ó, kí ló kù tí mo fẹ́ sọ? Ọjọ́bọ̀ là ń pàdé, ẹ dákun, ẹ tètè gbà mí nímọ̀ràn.