Ọmọ ajá mi máa ń bì nínú mọ́tò, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbà mí

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń sin ajá. Ọmọ ajá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù 4. Nígbà tá a ń ti Ìbàdàn lọ sí Abẹ́òkúta, ẹ̀ẹ̀mẹta ló bì. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó ń gbọ̀n, àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Mi ò fún un lóúnjẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà o, mo sì ṣí fèrèsé díẹ̀. Ní báyìí, tí mo bá ti ṣílẹ̀kùn mọ́tò, abẹ́ àga ló ń sá sí. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ máa gbé e jókòó sínú mọ́tò tí mi ò tan. Ta ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí? Ọjọ́ mélòó ló gbà? Àbí kí n ní kí dókítà ẹran fún un lóògùn? Oṣù tó ń bọ̀ la máa kó lọ sí Àkúrẹ́, mi ò sì lè fi í sílẹ̀.