Fíìmù kékeré àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ yà nílé ìwé, kí ló bàjẹ́ níbẹ̀?

Ṣadé Ìlódè: Àbúrò mi fẹ́ ya tiẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ gbà wá.

Àdùkẹ́ Lágere: Tiwa ti di àwàdà báyìí. Àgbàlá àǹtí mi n'Íléṣà la lò, ọ̀sán Sátidé. Ọmọge tó ń sunkún ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọnú ẹ̀ gan-an ni, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gúnyán nílé kejì. Gbì, gbì, gbì. A dúró títí wọ́n fi gún un tán. Bá a ṣe tún bẹ̀rẹ̀, ilé kẹta gbà á. Ẹnì kan ní ká máa yà á lọ, kọ̀ǹpútà á yọ ọ́. Kò yọ kiní kan. Lọ́jọ́ tá a gbé e han kíláàsì, ẹnì kan lẹ́yìn mi ní, "Ẹ fún ọmọ yìí lóńjẹ ná."

Ọmọ Òṣómàáló: Ẹ gbé kámẹ́rà wá s'Íléṣà lọ́sàn-án, ẹ ò retí iyán? 😂

Bàbá Wáyà: Máìkì orí kámẹ́rà lẹ lò.

Àdùkẹ́ Lágere: Òun ni, ẹ̀gbọ́n.

Bàbá Wáyà: Mo mọ̀. Ó jìnnà sẹ́nu, gbogbo ariwo tó wà láàrin ló ń kó. Ẹ lo èyí tí wọ́n ń há mọ́ àyà aṣọ. Tẹ́ ẹ bá ya ìran kan tán, kí gbogbo yín dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kẹ́ ẹ gba ìdákẹ́ ibẹ̀ sílẹ̀. Òun lẹ máa fi dí ojú ibi tẹ́ ẹ bá gé.

Ṣadé Ìlódè: Ìdákẹ́ kẹ̀? Pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ Ifẹ̀?

Kọ́lá Sábó: Fìlà ló pa tèmi. Bàbá wọlé, fìlà gẹ̀ sọ́tùn-ún. Ó jókòó, ó ti gẹ̀ sósì. Ó dìde, kò sí fìlà lórí.

Tósìn: Irọ́. Kò sẹ́ni tó rí i?

Kọ́lá Sábó: Ta ló fẹ́ rí i? Èmi ni mò ń darí, èmi ni mò ń yà á, èmi náà ni mo lọ ra búrẹ́dì.

Tósìn: Ìlà dúdú ló ń rìn lára ògiri nínú tiwa.

Bàbá Wáyà: 50 Hz ni iná wa, ìyẹn ni pé ó ń lọ ó ń bọ̀ nígbà 50 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan; tí kámẹ́rà ò bá bá a mu, ìlà á yọ. Ẹ fi shutter, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń pẹ́ tó láti gba àwòrán kọ̀ọ̀kan, sí 1/50 ìṣẹ́jú àáyá.

Tósìn: Tí iná bá wà.

Ẹnuwá Girl: Bàbá Ifẹ̀ inú tiwa ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ Ìbàdàn. Màmá mi wò ó, wọ́n ní ìgbà wo ló kó dé.

Kọ́lá Sábó: Ta ló máa gbọ́ ojúlówó Ifẹ̀ l'Ékòó?

Ẹnuwá Girl: Ṣé torí Èkó lẹ ṣe yà á ni?

Ọmọ Òṣómàáló: Ẹ fi Ìjẹ̀ṣà ya gbogbo ẹ̀, kí ìjà parí. Àdùkẹ́, iyán ọ̀hún ńkọ́?

Àdùkẹ́ Lágere: Wọ́n bù fún wa, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ rírò. Ìyẹn la ò ṣe rí ìran kejì yà.