Ẹ wá sọ tiyín: ìgbà tí ID dátábéèsì fojú yín rí màbo

Ọmọ Kàbà:
Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jẹ́ n ṣí i, torí tèmi ò tíì jinná.

Lásìkò kajú tó kọjá, mo ṣe ètò kékeré kan fún àwọn tó ń ra kajú lọ́wọ́ àgbẹ̀. Láptọ́ọ̀pù kan wà ní Kàbà, èkejì wà lápá Bùnú níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wá nígbà tó bá wù ú. MongoDB, ètò dátábéèsì tó ń tọ́jú rẹkọ́ọ̀dù, wà lórí méjèèjì. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé la ń kó rẹkọ́ọ̀dù wọn pọ̀.

Driver MongoDB, ìyẹn kóòdù tí ètò mi fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, ló máa ń fún rẹkọ́ọ̀dù ní _id, ìyẹn ID tí kò gbọ́dọ̀ jọ ti òmíràn, kó tó gbé e lọ bá sáfà, ìyẹn MongoDB gan-an (dẹ́rẹ́bà tèmi yìí kì í ná Lọ́kọ́jà o). ObjectId ló ń ṣe: báìtì 12. 4 àkọ́kọ́ jẹ́ àkókò, 5 jẹ́ nọ́ńbà tó ṣàdédé mú, 3 tó kù jẹ́ òǹkà. Ó ṣòro gan-an kí láptọ́ọ̀pù méjì tí ò ríra rí fún nǹkan méjì ní ID kan náà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tó bá dórí rìsíìtì, lẹ́tà àti nọ́ńbà 24 ni. Màmá kan tó gbé àpò mẹ́ta wá wo tiẹ̀ títí, ó ní, "Ọmọ mi, rìsíìtì rèé àbí tírà?"

Ojú tì mí. Mo kọ pkFactory tèmi, ìyẹn ohun tó ń ṣe ID, sínú MongoClient tí ètò mi fi ń so mọ́ dátábéèsì. Kò le rárá: ohun tí createPk tó wà nínú rẹ̀ bá dá padà ni driver yóò fi ṣe _id. Tèmi ń dá KB-0001, KB-0002 padà. Màmá kà á, ó rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kẹta, iná lọ, bátìrì kú. Nígbà tá a tàn án padà, òǹkà tí mo fi sínú mẹ́mọ́rì tún bẹ̀rẹ̀ láti 1. E11000, duplicate key! Ìyẹn ni pé ID yẹn ti wà tẹ́lẹ̀. Kajú wà lórí sikéèlì, èrò tò sẹ́yìn, gbogbo ojú ń wò mí. Mo ní kí createPk máa lọ bi dátábéèsì ní nọ́ńbà tó kẹ́yìn. Driver ò dúró dè é, ojú ẹsẹ̀ ló fẹ́ èsì. Mo sáré kọ òǹkà sínú fáìlì. Ó di Sátidé, la wá rí i pé KB náà ni láptọ́ọ̀pù Bùnú ń kọ. Èmi ni mo gbàgbé láti yí i padà. Mo fọwọ́ ṣe é títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mo ti dá _id padà fún driver. Nọ́ńbà rìsíìtì ní àyè tiẹ̀ báyìí, pẹ̀lú unique index tí kì í jẹ́ kí nọ́ńbà kan wọlé lẹ́ẹ̀mejì. KB fún Kàbà, BN fún Bùnú.

Ọmọ Ìsánlú:
Upsert ló mú èmi, àṣẹ tó ń tún rẹkọ́ọ̀dù ṣe, tó sì ń dá a sílẹ̀ tí kò bá sí. UUID, irú ID gígùn mìíràn, ni createPk mi ń ṣe, ọkàn mi balẹ̀. Àfi bí mo ṣe rí ObjectId láàárín ìwé àjọ wa! Tí upsert bá dá rẹkọ́ọ̀dù tuntun tí o ò fún un ní _id, sáfà ló ń fún un. createPk ò tiẹ̀ gbọ́ sí i.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀:
Ẹ̀gbọ́n Kàbà, ṣé inú fáìlì ni òǹkà yín ṣì wà? Tí iná bá lọ níbi tó ti ń kọ ọ́ lọ́wọ́ ńkọ́?

Ọmọ Kàbà:
Àbúrò, má ṣépè fún mi. Fáìlì ti lọ. Inú rẹkọ́ọ̀dù kan nínú dátábéèsì ni òǹkà wà báyìí, $inc, àṣẹ MongoDB tó ń fi kún nọ́ńbà, ló ń gbé e sókè, mo sì ń dúró gba nọ́ńbà kí n tó fi rẹkọ́ọ̀dù wọlé. A dé KB-0412 kí kajú tó tán.