Kẹ̀kẹ́ wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ ò gbé mi: kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú òtútù o. Manchester ni mo ń gbé. Dókítà ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló ń ṣe mí, mo sì ń lo oògùn rẹ̀ kan tó ń jẹ́ sertraline. Tẹ́lẹ̀, Sátidé kan kì í kọjá kí n má gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Fallowfield Loop, ojú irin àtijọ́ tí wọ́n sọ di ọ̀nà kẹ̀kẹ́.

Ní báyìí, táyà ẹ̀yìn ti rọ̀, aṣọ òjò ni mo ń gbé kọ́ sórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Lánàá, mo wọ bàtà, mo dé akoto, mo wá jókòó sórí àtẹ̀gùn fún 40 ìṣẹ́jú. Ni mo bá bọ́ gbogbo ẹ̀, mo padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Kì í ṣe ọ̀lẹ o, bí ẹ̀gbọ́n mi tilẹ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìgbà tí mo bá fi tipá jáde, ara mi máa ń fúyẹ́ kí n tó délé.

Ẹ̀yin tírú ẹ̀ ti ṣe rí, kí lẹ ń ṣe láàárín bàtà wíwọ̀ àti ilẹ̀kùn ṣíṣí? Ṣé kí n wá ẹni tá a ó jọ máa gùn ún ni, àbí kí n kọ́kọ́ máa yípo àdúgbò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n ṣáà gbàdúrà. Mo ti ń gbà á.